Ráífù Sẹmí-Ọtomátíìkì fún Ọdẹ Àgbọ̀nrín: Browning BAR, Benelli R1 àbí Remington?

Bí oṣù kọkànlá bá ti ń sún mọ́lé, tí wọ́n fẹ́ ṣí ọdẹ àgbọ̀nrín ní Texas, ìpè máa ń pọ̀ lórí fóònù mi. Ará Surulere tí ọmọ rẹ̀ ń gbé Houston, ará Ìsàlẹ̀ Èkó tó ti gba káàdì ìgbélùú Amẹ́ríkà, tó ń lọ tó ń bọ̀, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí: nínú àwọn ráífù tó ń gbé ọta sẹ́nu fúnra wọn, èwo ni kì í dójú tini, èwo ló sì ń bá ibi tí a fojú sùn? Apá kejì ìbéèrè yẹn ni wọ́n ń bẹ̀rù jù, bẹ́ẹ̀ apá àkọ́kọ́ ló ń jẹ owó èèyàn gbé.

Kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ òfin kúrò lọ́nà. Ìbọn tí ẹ máa rà ní Amẹ́ríkà, tí ẹ máa lò níbẹ̀, tí ẹ sì máa fi sílẹ̀ níbẹ̀ ni mò ń sọ. Ẹ má dì í mọ́ ẹrù bọ̀ wálé o. Òfin Ìbọn ti 1959 tí a ṣì ń lò ní Nàìjíríà ka ráífù ológun oní 7.62 mm, 9 mm àti .300 íǹṣì mọ́ ìbọn èèwọ̀, àyàfi tí Ààrẹ bá fọwọ́ sí i. Ọta .308 tí ọ̀pọ̀ ọdẹ Texas ń lò, ọmọ ìyá 7.62 tí àwọn sójà NATO ń yìn ni. Ẹ wá ro bí ẹ ṣe máa ṣàlàyé ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì fún kọ́sítọ́ọ̀mù ní Ìkẹjà.

Ṣé ọta ń lọ síbi tí a rán an?

Ó ń lọ. Lára àgbọ̀nrín onírù funfun, ibi tí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró wà fẹ̀ tó nǹkan bí íǹṣì 8. Ráífù tó ń to ọta mẹ́ta sínú íǹṣì 2 ní 100 yáàdì, íǹṣì 4 ló máa jẹ́ ní 200, íǹṣì 6 ní 300, kò tíì kúrò lójú ibi tí a ń wá. BAR tó dáa, tó bá rí ọta tó bá a lára mu, á tò ó sínú íǹṣì kan àbọ̀ ní 100 yáàdì. Benelli R1 ò jìnnà sí i. Remington 7400 tí olówó rẹ̀ tọ́jú náà á ṣe íǹṣì 2. Mi ò rí ìdí tí èèyàn fi máa torí ìdajì íǹṣì da ara rẹ̀ láàmú.

Òótọ́ ni pé ráífù oní-bóòtù àfọwọ́fà tí kò wọ́n rárá lè na gbogbo wọn lórí pépà (bóòtù ni irin tó ń ti ọta mọ́ ìdí ọ̀pá ìbọn). Nínú sẹmí-ọtomátíìkì, bí ọta bá ti ń jáde, díẹ̀ nínú gáàsì á gba ihò kékeré lábẹ́ ọ̀pá ìbọn, á ti písítíìnì sẹ́yìn. Bóòtù á ju èèpo ọta dànù, á gbé òmíràn sẹ́nu. Irin tó so mọ́ ọ̀pá ìbọn yẹn kì í jẹ́ kó gbọ̀n bákan náà nígbà gbogbo. Tírígà wọn náà máa ń le. Ẹni tó bá fẹ́ máa yin ẹran ní 400 yáàdì, oní-bóòtù ni kó rà.

Bí ẹ bá ń dán an wò, ẹ má yin ọta márùn-ún léra wọn kí ẹ tó lọ wọ̀n ọ́n. Ẹ yin ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí irin tutù, kí ẹ tó yin èkejì. Ọta àkọ́kọ́ láti inú irin tútù nìkan ni àgbọ̀nrín máa ń dúró gbà.

Remington: ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání

Ibi tí wọ́n ti pínyà nìyí. Remington 742 jáde ní 1960, wọ́n ṣe é títí di 1980, iye rẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù kan. Ìdí nìyẹn tí àlòkù rẹ̀ fi pọ̀ bẹ́ẹ̀. Owó rẹ̀ ń fani mọ́ra. Àmọ́ eyín wẹ́wẹ́ ló kún orí bóòtù rẹ̀, bí bóòtù sì ti ń sáré lọ sáré bọ̀, eyín yẹn máa ń họ irin tó ń gbà kọjá. Bó bá pẹ́, bóòtù á bẹ̀rẹ̀ sí í há.

Bí wọ́n bá gbé e fún yín, ẹ yọ mágásíìnì, ẹ fa bóòtù sẹ́yìn, ẹ rí i dájú pé kò sí ọta lẹ́nu rẹ̀. Ẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì sínú ilé bóòtù, ẹ wo ojú irin lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Bí ẹ bá rí ilà wẹ́wẹ́ bí ẹni fi fáìlì rẹ́ ẹ, ẹ fi èékánná gba ibẹ̀. Bí èékánná bá ń kọ́, ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀, kódà bó bá fẹ́ fi awò ìfojúsùn orí rẹ̀ ṣe ẹ̀bùn fún yín. Irin yẹn kò ṣeé pààrọ̀. Ara rẹ̀ ni wọ́n kọ nọ́ńbà ìbọn sí, òun gan-an lòfin ń pè ní ìbọn.

7400 tó jáde ní 1981 sàn jù ú lọ dáadáa, torí eyín bóòtù rẹ̀ kò pọ̀, wọ́n sì tóbi. Wàhálà tirẹ̀ ni ìpẹtà níbi tí ọta ń sùn: bí ibẹ̀ bá ti dógùn-ún díẹ̀, èèpo ọta á lẹ̀, kò ní jáde. Ẹ rántí pẹ̀lú pé Remington wọ kóòtù gbèsè ní 2018 àti 2020, wọ́n sì pín ilé-iṣẹ́ náà tà.

BAR àti R1

BAR ni èmi máa rà. Bruce Browning, ọmọ ọmọ John Browning, ló ṣe é. 1967 ló dé ọjà. Kò sí ohun tó pa á pọ̀ mọ́ BAR tí àwọn sójà gbé ní 1918 ju orúkọ lọ, ẹ má jẹ́ kí ọlọ́jà fi ìtàn ogun fọ́nnu fún yín. Eyín méje ló wà lórí bóòtù rẹ̀, ó sì ń yí wọnú ìdí ọ̀pá ìbọn kó tó yìn, ìyẹn ni kò jẹ́ kó máa họ ilé rẹ̀ bíi 742. Ẹ̀yà rẹ̀ kejì, Mk II tó jáde ní 1993, ni kí ẹ wá bó bá jẹ́ àlòkù. Àbùkù rẹ̀ kan ni pé ó ṣòro tú, nítorí náà ọ̀pọ̀ olówó rẹ̀ kì í tú u rárá. Ẹ lè bá èérí ọdún mẹ́wàá nídìí písítíìnì.

Ẹni tó mọ̀ pé òun kò ní ráyè nu ìbọn, kó lọ sídìí R1. Ará Ítálì ni Benelli, ẹ̀rọ gáàsì R1 sì jáde láti ara M4, ìbọn ṣọ́tígọ́ọ̀nù Benelli tí wọ́n ṣe fún àwọn sójà Marine Amẹ́ríkà. Ihò gáàsì rẹ̀ sún mọ́ ibùsùn ọta, gáàsì ṣì gbóná gan-an níbẹ̀, èérí kì í fi bẹ́ẹ̀ dì. Ojú rẹ̀ kò wù mí, ó kàn dà bíi ti ìbọn inú fíìmù lójú mi.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ má fọwọ́ rọra tì bóòtù padà torí pé ẹ ò fẹ́ kí ẹran gbọ́. Bí kò bá fi gbogbo agbára padà, ó lè má tì dáadáa, kò sì ní yìn. Ẹ gun orí pèpéle tán, kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ẹ tó kì í, kí ariwo yẹn parí kí ẹran tó jáde.

Winchester 100 tí wọ́n ṣe láàárín 1961 sí 1973 ńkọ́? Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti pààrọ̀ abẹ́rẹ́ tó ń gún ìdí ọta, torí ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló pè é padà. Bí abẹ́rẹ́ yẹn bá kán, ìbọn lè dún kí bóòtù tó tì.

Ti Texas ni gbogbo èyí. Ní Pennsylvania, wọn kì í fi ráífù sẹmí-ọtomátíìkì dẹ àgbọ̀nrín. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà ní Philadelphia, kó ra oní-bóòtù.