Ẹ́ńjìnnì Yamaha Enduro 40 lórí ọkọ̀ ojú omi fáíbà wa tuntun

Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú tẹ́ ẹ ń béèrè nípa ẹ́ńjìnnì yìí, ó dáa gan-an, mo fọwọ́ sọ̀yà. Two-stroke ni, ìyẹn irú èyí tá a máa ń po ọ́ìlì mọ́ pẹtiróò ẹ̀, okùn la fi ń fa tiwa kó tó tan, kò sí wàhálà bátìrì. Àmọ́ ẹ má tíì wà á tagbáratagbára ní wákàtí 10 àkọ́kọ́ o, ọ́ìlì lítà 1 sí pẹtiróò lítà 25 ni kẹ́ ẹ pò, tó bá ti mọ́ra tán ẹ wá lọ sí 1 sí 50.

Omi tó ń tú jáde lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì yẹn, èyí tó ń mú kó tutù, ojú mi kì í kúrò níbẹ̀, torí òṣíbàtà inú ọ̀sà máa ń dí ibi tó ti ń fa omi wọlé, tẹ́ ẹ bá ti rí i tó ń ṣe tín-ín-rín báyìí ẹ pa á kíá, kẹ́ ẹ yọ koríko yẹn kúrò kó má baà gbóná jù. Okùn pupa tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn ọwọ́ náà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ máa so ó, tí awakọ̀ bá já sómi ẹ́ńjìnnì á kú lójú ẹsẹ̀.

Ohun tó bí mi nínú ni láífù jákẹ́ẹ̀tì tí ẹni tó ṣe ọkọ̀ fi kún un fún wa, fóòmù inú ẹ̀ fẹ́lẹ́, ìkọ́ ẹ̀ já bí mo ṣe fà á, ṣé nǹkan tí mo máa wọ̀ fọ́mọ ọlọ́mọ nìyẹn? Mo ti ra òmíràn tó nípọn tó sì ní fèrè lára, owó ẹ̀ wọ́n díẹ̀ àmọ́ ó tọ́ bẹ́ẹ̀.