Tìmùtìmù tí a ń gé fún ajá ní Ògbómọ̀ṣọ́: bó ṣe rí, àti bí ajá ṣe ń gbà láti sùn lórí rẹ̀

Ẹni tó bá ń wá ibùsùn fún ajá ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó lè ra olóbìírípo onírun tó ń ti òkè òkun wá, tàbí kó ní kí onífóòmù gé e, kí oníṣẹ́ àga rán aṣọ sí i. Èyí tí wọ́n ń gé nílé la fara mọ́, bó tilẹ̀ ní àbùkù tirẹ̀.

Olóbìírípo yẹn dára lójú, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti fọ̀ ọ́ díẹ̀, òwú inú rẹ̀ á ṣù jọ, àárín á fẹ́lẹ́, ajá á sì padà di ẹni tó ń sùn sílẹ̀.

Fóòmù odidi tó nípọn ní íǹṣì mẹ́rin ni kí ẹ bèèrè. Kó jẹ́ mẹ́fà fún Jámánì Ṣẹ́pàdì tàbí ajá àgbà tí oríkèé ń dùn. Ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù; bí ọwọ́ bá tètè kanlẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ má gba àpò tí wọ́n kó àjákù fóòmù sí, bó ti wù kó dínwó tó. Ajá máa ń yí po, á tún fi èékánná wa ibẹ̀ kó tó dùbúlẹ̀, gbogbo àjákù náà á sì sá sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní ti ìwọ̀n, ẹ wọn ajá láti imú dé ìdí ìrù nígbà tó bá nà gbalaja, kí ẹ fi ìdajì ẹsẹ̀ bàtà kún un. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ní méjì tó ọ̀pọ̀ ajá ìbílẹ̀.

Aṣọ gan-an ni wọ́n ti máa ń ṣe é tì. Lẹ́dà ni oníṣẹ́ àga yóò kọ́kọ́ nà sí yín, torí òun ló wà nílẹ̀. Lẹ́dà máa ń yọ̀, èékánná ń ya á, bí iná bá sì lọ nínú ooru oṣù kẹta, ajá ò ní sún mọ́ ọn. Jíìnsì tàbí kanfáàsì ló yẹ é. Kí wọ́n fi ọ̀rá tó nípọn bo fóòmù lábẹ́ rẹ̀ nítorí ìtọ̀, kí síìpù wà nísàlẹ̀ tí eyín ò ti lè dé e. Tìmùtìmù yìí máa ń yọ̀ lórí táìlì. Ẹ gba rọ́bà inú táyà tó ti bàjẹ́ lọ́wọ́ fọ́kánásà, kí wọ́n rán an mọ́ ìdí rẹ̀. Fóòmù tuntun ń rùn, ẹ sá a síta títí òórùn náà á fi lọ kí ẹ tó gbé e fún ajá.

Ọ̀sán ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, kì í ṣe òru. Ẹ tẹ́ aṣọ tí ẹ ti wọ̀ sórí rẹ̀. Ẹ gé ẹ̀dọ̀ bíbọ̀ wẹ́wẹ́ bí ẹ̀wà, kí ẹ ju ọ̀kan síbẹ̀, kí ẹ sọ pé "Ibùsùn!" Nígbà tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá gun orí rẹ̀, ẹ fún un sí i. Lẹ́yìn náà, kó dùbúlẹ̀ kó tó jẹ. Kó dúró bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, ọgbọ̀n, títí dé ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọ̀rọ̀ kan náà ni kí gbogbo ará ilé máa lò. Bí ìyá bá ń rán an lọ síbẹ̀ tí àwọn ọmọ ń pè é sórí àga, asán ni.

Lálẹ́, ẹ mú un jáde lọ tọ̀, kí ẹ gbé ibùsùn náà sítòsí tiyín. Bó bá gun bẹ́ẹ̀dì yín, ẹ dá a padà láìpariwo, iye ìgbà yòówù kó jẹ́. Ohun tó ń ba ẹ̀kọ́ yìí jẹ́ jù ni kó ké títí, kí ẹ wá gbà fún un: ó ti mọ̀ pé ẹkún gígùn ló ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ti ọmọ ajá yàtọ̀. Olóṣù méjì kì í sábà lè mú ìtọ̀ ju nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta lọ, nítorí náà ẹ mú un jáde, kó tọ̀, kó padà sùn, láìṣeré. Ẹ má sì lé ajá lọ sórí ibùsùn rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń bínú sí i. Nígbà tó bá ti mọ́ ọn lára, ẹ máa sún un díẹ̀díẹ̀ lọ síbi tí ẹ fẹ́.

Ajá tó wà láàárín oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà ń pààrọ̀ eyín, yóò sì fẹ́ jẹ fóòmù. Fóòmù tó bá gbé mì lè dí ìfun rẹ̀. Ẹní àti ògbólógbòó ìró ni kí ẹ tẹ́ fún irú èyí ná; bó bá sì ti gbé e mì, tó ń bì tí kò sì jẹun, ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹran lọ́jọ́ náà gan-an.