Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra bátìrì ọkọ̀ ní Àbújá: ẹ má ra sítíkà

Ẹ̀yin ará, ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi, ìtìjú ni kò jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Mo san ₦85,000 fún bátìrì tí kò pé ọjọ́ márùn-ún lórí ọkọ̀ mi, mo sì tún fi bátìrì àtijọ́ mi lé ọkùnrin náà lọ́wọ́.

Camry ọdún 1998 ni mo ń wà, nítorí náà kì í ṣe pé n kò mọ ohun tí ọkọ̀ àtijọ́ ń fẹ́. Ọdún mẹ́ta gbáko ni bátìrì tí mo ní tẹ́lẹ̀ fi ṣiṣẹ́, ọdọọdún ni mo sì ń fi ọ̀bẹ fa ìlà kan sí abẹ́ ìdìmú rẹ̀ kí n má baà gbàgbé ọjọ́ orí rẹ̀. Ṣé ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní ọ̀dẹ̀? Nígbà tí ooru oṣù kẹta pa bátìrì náà, mo wọ ọjà àwọn mẹkáníìkì kan, ọkùnrin tó wà ní ìsọ̀ àkọ́kọ́ sì kí mi pé, "Ẹ káàsán o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má lọ sọ́dọ̀ àwọn tó kù, ọmọ ilé yín ni mí." Ẹni tó bá ti pẹ́ ní Òkè Ọya mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń ṣe fún ènìyàn. Láti ìgbà tó ti pè mí ní ẹ̀gbọ́n ni n kò ti wo bátìrì mọ́, ẹnu rẹ̀ ni mo ń wò.

Bátìrì náà ń dán, wọ́n fi ọ̀rá wé e, 75Ah, ìyẹn ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà pamọ́, sì hàn gàdàgbà lára sítíkà rẹ̀. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbé e wá. Bátìrì 75 máa ń sún mọ́ kílò 18. Mo rí ọmọ náà, n kò sì bèèrè ohunkóhun. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń gbé òṣùwọ̀n lọ sí ọjà bátìrì? Mo ṣíná, ẹ́ńjìnnì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, ọlọ́jà náà rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, mo fi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù.

Ní ọjọ́ karùn-ún, lórí ìlà epo ní Kubwa, mo pa ẹ́ńjìnnì kí n má baà jó ìwọ̀nba epo tó kù. Nígbà tó kàn mí, mo yí kọ́kọ́rọ́, ó dún tá, tá, tá, ó sì dákẹ́. Gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn ń fọn fèrè lé mi lórí. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rin tì mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, nítorí títì kì í jí ọkọ̀ ọ̀tómátíìkì, ipò tí mo fi wákàtí mẹ́ta dúró dè sì bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìyàwó mi jókòó sínú ọkọ̀, kò sọ nǹkan kan, èyí gan-an ló dùn mí jù.

Mallam tó ń ṣe réwáyà ní àdúgbò wa, tí mo ti máa ń fura sí pé owó rẹ̀ ti pọ̀ jù, gbé bátìrì náà sókè, ó sì ní, "Alhaji, wannan ba sabo ba ne." Kì í ṣe tuntun. Ó ṣí sítíkà náà, òmíràn wà lábẹ́ rẹ̀, 45 ni wọ́n kọ sí i. Wọ́n ti fi sáńpépà ha orí òjé méjèèjì tí à ń so wáyà mọ́, síbẹ̀ ojú ìdè àtijọ́ kò parẹ́. Ó cháàjì rẹ̀ mọ́jú, mítà kà fóltì 12.6 ní òwúrọ̀, nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lò ó, ó ti di 11.9. Òkú ni.

Mo pe ọlọ́jà náà, ó ní alternator mi, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń cháàjì bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ló ba bátìrì òun jẹ́. Irọ́! Mallam ti wọ̀n ọ́n nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, fóltì 14.1 ló kà, bẹ́ẹ̀ 13.8 sí 14.4 ló yẹ kó wà. Nígbà tí mo padà lọ bá a, ó ní kí n ka rìsíìtì mi: "Bátìrì 1. A kì í gba ọjà padà." Ó ní, "Ṣé mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé tuntun ni, ẹ̀gbọ́n?" Wárántì oṣù mẹ́fà tó ṣèlérí ńkọ́? Kò sí nínú ìwé. Ẹ̀gbọ́n! Ó ṣì ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n!

Ẹ mú mítà dání, tàbí kí ẹ mú réwáyà yín lọ. Ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sára ike ni kí ẹ wò, kì í ṣe ti orí sítíkà. Ẹ rí i pé apá tí pọ́sítíìfù (orí tó ní àmì +) wà bá ti ọkọ̀ yín mu, nítorí wáyà lè má gùn dé òdìkejì, kí Ah rẹ̀ má sì kéré sí èyí tí ìwé ọkọ̀ sọ. Kí wọ́n kọ "tuntun" àti wárántì sínú rìsíìtì kí ẹ tó sanwó. Pé ẹ́ńjìnnì dáhùn lẹ́ẹ̀kan kì í ṣe ẹ̀rí, nítorí ògbólógbòó bátìrì tí wọ́n cháàjì mọ́jú lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan yóò ní kì í ṣe gbogbo ọlọ́jà ló rí bẹ́ẹ̀. Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ọlọ́jà tó bá ti fi èdè ìyá mi kí mi ni mo ń di àpò mi mú fún, títí kan ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ lẹ́nu ọ̀nà wa, ẹni tí kò ṣẹ̀ mí rárá.

Nígbà tí mo padà lọ sí ìsọ̀ náà, bátìrì àtijọ́ mi kò sí níbi tó gbé e sí mọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ra bátìrì "tuntun" ní agbègbè yìí láìpẹ́, kí ó yẹ abẹ́ ìdìmú rẹ̀ wò. Bí ìlà ọ̀bẹ mẹ́ta bá wà níbẹ̀, tèmi ni, ó sì ti kú láti oṣù kẹta.