Búkà tí ó wà nítòsí ọgbà ẹ̀wọ̀n Iléṣà, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe rí i ní oṣù 14

Láti oṣù 14 tí àkọ́bí mi ọkùnrin ti wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Iléṣà, ibi tí mo ti jẹun jù lẹ́yìn ilé ara mi ni búkà kan tí ó wà nítòsí ẹnu ọ̀nà ọgbà náà. Kò ní orúkọ tí a kọ síta. "Ọ̀dọ̀ Màmá" ni gbogbo àwa tí ń lọ síbẹ̀ ń pè é. Mo ń kọ ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ fún àwọn òbí tí irú ọ̀ràn yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ bá, tí wọn yóò wọ mọ́tò láti Ifẹ̀, láti Òṣú tàbí láti ibi tí ó jìnnà ju ìyẹn lọ, tí wọn kò sì mọ ibi tí wọn yóò fìdí lé ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ lọ wo ọmọ wọn.

Kí n yára sọ ti oúnjẹ, nítorí pé òun kọ́ ni ó ń gbé mi débẹ̀. Iyán Màmá tí ó ni búkà náà dára. Iléṣà ni a wà, ẹni tí ó bá gún iyán tí ó ní kókó níbẹ̀ kò ní rí oníbàárà méjì. Ẹ̀fọ́ rírò rẹ̀ ní irú dáadáa. Ìrẹsì rẹ̀ ni n kò lè yìn, nítorí pé kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná ní òwúrọ̀, ata ọbẹ̀ rẹ̀ sì pọ̀ ju èyí tí àgbàlagbà tí ó ní ọgbẹ́ inú lè jẹ lọ. N1,500 ni abọ́ kan pẹ̀lú ẹran kan ṣoṣo, ẹran tí ènìyàn ní láti fi ṣíbí wá kiri kí ó tó rí i. Páànù tí ó fi bo ibẹ̀ ń jò ní apá ọ̀tún, nítorí náà, bí òjò bá ṣú, ẹ tètè jókòó sí apá òsì. Kì í ta àwìn rárá. Mo bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan, ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn bàbá ńlá òun ni òṣómàáló tí ń lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè, pé òun kò ní agbára àtilóṣòó, ni òun ṣe ń gba owó òun lọ́wọ́ kan.

Ohun tí a ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an ni ìmọ̀ bí a ṣe ń di oúnjẹ tí yóò wọlé. Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, ìyàwó mi ti dáná mọ́jú. Mo gbé kúlà ńlá kan lọ́wọ́, ìrẹsì àti ọbẹ̀ wà nínú rẹ̀ pa pọ̀, ẹja odidi tí ó kún fún egungun wà lórí rẹ̀, mo sì kó ohun mímu alágolo àti sàdíìnì sínú àpò mìíràn. Ibi tí mo dúró sí tí mo ń wo ẹnu ọ̀nà ọgbà náà, tí ẹsẹ̀ mi kò gbé mi síwájú, ni obìnrin náà ti rí mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ ò tíì débí rí, àbí?" Kò dúró gbọ́ èsì tí ó fi gba kúlà náà lọ́wọ́ mi. Ó da ìrẹsì sínú ọ̀rá funfun tí a lè rí inú rẹ̀, ó da ọbẹ̀ sínú òmíràn, ó so ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìso tí ó rọrùn láti tú, ó ní bí wọ́n bá ní láti já a, yóò dà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó jókòó ti ẹja yẹn. Ó fi ìka yọ egungun rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tí ń ṣa ẹ̀wà, ó ya ẹran ara rẹ̀ sí wẹ́wẹ́ kí ó lè hàn pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó yọ àwọn agolo sọ́tọ̀, ó ní kí n gbé wọn padà sílé. Ó wá fi kún un pé kí n má jẹun yó kí n tó wọlé, nítorí pé wọn yóò ní kí n tọ́ gbogbo ohun tí mo gbé wá wò lójú wọn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí. N300 ni ó gbà fún dídì náà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni mo fi fóònù mi sí, N200 ni ìyẹn, ó sì fún mi ní páálí kékeré kan tí ó kọ nọ́ńbà sí. Fóònù mi kò sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

Àwọn tí ọ̀ràn yìí kò dé bá lè béèrè pé kí ni a ń dààmú gbé oúnjẹ lọ fún nígbà tí ìjọba ń bọ́ àwọn tí ó wà ní ẹ̀wọ̀n. Ìjọba ń bọ́ wọn lóòótọ́. Ní ọdún 2024 ni wọ́n fi ìdajì kún owó oúnjẹ ẹnì kan lójúmọ́, láti N750 sí N1,125. Ẹ fi ìyẹn wé N1,500 tí mo ń san fún abọ́ kan ṣoṣo lábẹ́ páànù tí ń jò, kí ẹ sì rántí pé N1,125 yẹn ni ti àárọ̀, ti ọ̀sán àti ti alẹ́. Mo jẹ́ olùkọ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, n kò nílò kí ẹnikẹ́ni bá mi ṣe ìṣirò náà.

Bẹ́ǹṣì búkà yẹn tún jẹ́ ilé ẹ̀kọ́. Níbẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí ó wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà ni kò tíì gba ìdájọ́, àti pé lójú òfin, aláìlẹ́bi ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ títí ilé ẹjọ́ yóò fi sọ pé ó jẹ̀bi. Bàbá kan tí ó ti ń bọ̀ níbẹ̀ ṣáájú mi ni ó kọ́ mi pé òfin ọdún 2011 fún àjọ ìjọba tí ń jẹ́ Legal Aid Council ní iṣẹ́ láti wá lọ́yà ọ̀fẹ́ fún ẹni tí owó tí ń wọlé fún un kò ju owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí ìjọba là kalẹ̀. Ìyá kan sọ bí àwọn kan ṣe wá mú un ní ilé rẹ̀ nígbà tí wọn kò rí ọmọ rẹ̀. Àwa tí a ti pẹ́ níbẹ̀ sọ fún un pé òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ọdún 2015 kò fi àyè gba kí a mú ẹnì kan dípò ẹlòmíràn, ìbáà jẹ́ òbí rẹ̀. Ó ká mi lára pé lẹ́yìn tí ẹrù ti dé orí ni a ń gbọ́ nǹkan wọ̀nyí. Ìbá ṣe pé mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ìwé òfin ilẹ̀ wa ní kí wọ́n gbé ẹni tí wọ́n mú dé ilé ẹjọ́ láàárín ọjọ́ kan bí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín 40 kìlómítà, ọ̀rọ̀ mi ní àgọ́ ọlọ́pàá ì bá yàtọ̀.

Níbí ni mo ní láti sọ ẹ̀sùn tí ó tóbi jù tí mo ní sí búkà náà. Kì í ṣe òbí nìkan ni ó ń jókòó síbẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n ń wọ aṣọ tí a lọ̀, tí wọ́n ń gbé fáìlì sábẹ́ apá, tí wọ́n máa ń sọ pé àwọn mọ ẹni tí ó lè mú kí fáìlì ọmọ ẹni yára rìn ní kóòtù. Mo fún ọ̀kan nínú wọn ní N80,000 ní oṣù kẹta, n kò sì tún fi ojú kàn án mọ́. Màmá mọ̀ ọ́n. Ó rí wa nígbà tí a ń sọ̀rọ̀, ó bu ọbẹ̀ fún wa, kò sì ṣẹ́jú sí mi. Nígbà tí mo bi í léèrè ìdí rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, oníbàárà mi ni òun náà." Èsì yẹn ṣì ń dùn mí. Ẹ jẹun níbẹ̀, ẹ di oúnjẹ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gba lọ́yà lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀.

Ẹ̀wẹ̀, n kò lè purọ́ mọ́ ọn. Ní àdúgbò mi ní Ifẹ̀, a ti sọ fún àwọn ènìyàn pé ọmọ náà ń ṣiṣẹ́ ní Port Harcourt, irọ́ náà sì ti dàgbà débi pé wọ́n ń kí mi kú oríire owó tí ó ń fi ránṣẹ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń ṣe àmín sí àdúrà ìrìn àjò tí kò lọ. Abẹ́ páànù yẹn nìkan ni ibi tí n kò ti ní láti rántí ohun tí mo purọ́ rẹ̀ fún ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀. Ní oṣù 14, obìnrin náà kò tíì bi mí ní ohun tí ọmọ mi ṣe. Ohun tí ó máa ń béèrè ni bóyá ó rù tàbí ó sanra, àti bóyá ikọ́ tí mo sọ nígbà kan ti lọ. A kì í fi ọmọ burúkú fún ẹkùn pa jẹ, ìyẹn ni gbogbo wa fi ń bẹ níbẹ̀, a kì í sì í sọ ọ́ jáde.

Mo wà níbẹ̀ ní ọjọ́ tí ìyá kan padà wá láti ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú oúnjẹ lọ́wọ́, tí wọ́n ti sọ fún un pé wọ́n ti gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí ọgbà ní ìlú mìíràn. Ó ní kí Màmá gba iyán rẹ̀, kí ó dá owó padà kí òun lè fi wọ mọ́tò. Màmá kò dá kọ́bọ̀ padà. Ó ní oúnjẹ tí ó ti kúrò nínú ìkòkò kì í padà sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tú iyán náà sínú abọ́, ó gbé ọbẹ̀ kaná, ó bu omi fún obìnrin náà pé kí ó fọwọ́, ó sì dúró tì í títí ó fi jẹ ẹ́ tán, nítorí pé kò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu láti òwúrọ̀. Lójú tèmi, ó yẹ kí ó dá ìdajì owó náà padà. Mo sọ fún un, kò dá mi lóhùn.

Bákan náà ni ó ṣe rí ní ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, nígbà tí òjò ńlá wó apá kan lára odi ọgbà náà tí ẹni 7 sì sá lọ. Rédíò ni mo ti gbọ́ ọ ní Ifẹ̀. Ẹ̀rù méjì ni ó gbé mi dé Iléṣà: kí ọmọ mi má baà wà lára àwọn tí ó sá, kí odi tí ó wó má sì baà ti wó lu ẹni tí kò sá. A pọ̀ ní búkà ní ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí ó lè jẹ iyán. Ó po tíì gbígbóná fún gbogbo wa, ó sì gba owó rẹ̀ bí ó ṣe máa ń gbà á. Ní ọjọ́ kejì ni mo tó gbọ́ pé ọmọ mi wà ní àlàáfíà, pé kò sá.

Ìyàwó mi kò bá mi lọ síbẹ̀ rí. Ó ní òun kò lè rí ọmọ òun láàárín àwọn wọ́dà. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, mo jíṣẹ́ ọmọ náà fún un, pé ata ọbẹ̀ búkà ti pọ̀ jù fún òun, ó sì dìde ní aago mẹ́rin ìdájí, ó lọ ẹ̀wà, ó dín àkàrà 20 tí kò ní ata rárá, ó wé ìborùn, ó ní òun ń bọ̀. Nígbà tí a débẹ̀, ó gbé abọ́ náà sí iwájú Màmá láìsọ̀rọ̀. Màmá gé àkàrà kọ̀ọ̀kan sí méjì kí inú rẹ̀ lè hàn, ó dì í sínú ọ̀rá funfun, ó wo ìyàwó mi lójú, ó ní, "Ìyá rẹ̀ nìyí. Ẹ̀yin ni ó jọ." Ó gba N300 rẹ̀, a sì bọ́ sí ojú ọ̀nà.