Behringer DCX2496: ohun tí bọ́tìnnì iwájú rẹ̀ lè ṣe fún onísáúńdì

Onísáúńdì tó ń ṣe wòlímà àti ìgbéyàwó káàkiri Ìlọrin, tí kò fẹ́ gbé kọ̀ǹpútà sínú eruku, ẹ̀rọ yìí tó o: crossover ni, èyí tó ń pín ohùn sí béèsì, àárín àti òkè kí ó tó dé ampílífáyà. Àyè 1U (ìpele kan) péré ni ó gbà nínú ráàkì. Ẹnu ìwọlé rẹ̀ jẹ́ 3 (A, B, C), ẹnu ìjáde jẹ́ 6, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní 24-bit/96 kHz (ìwọ̀n bí ó ṣe ń ka ohùn). Skírìnì rẹ̀ kéré, ìyẹn ni àbùkù rẹ̀ lójú mi: lábẹ́ oòrùn ọ̀sán, ẹ ó fi ọwọ́ ṣíji bò ó kí ẹ tó rí òǹkà.

Bọ́tìnnì PAGE ń gbé yín láti ojú ìwé kan sí òmíràn. PARAM ń yan ohun tí ẹ fẹ́ ṣàtúnṣe lójú ìwé náà. Nọ́ọ̀bù yíyí ni ó ń mú òǹkà lọ sókè àti sísàlẹ̀. Àwọn bọ́tìnnì ìwọlé àti ìjáde ni ẹ ó fi yan ẹnu tí ẹ ń bá ṣiṣẹ́. Àwọn wọ̀nyí ni ẹ ó máa lò jù.

Ojú ìwé SETUP ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ẹ má tíì dé ìdí crossover. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti yan bí ẹnu 6 yóò ṣe pín ara wọn, ibẹ̀ gan-an sì ni wọ́n ti ń jó tuítà (sípíkà kékeré tó ń gbé ohùn òkè). Nínú LMHLMH, ẹnu 1 ni béèsì, 2 ni àárín, 3 ni tuítà, 4 dé 6 sì tún tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀. Nínú LHLHLH, ẹnu 1, 3 àti 5 ni béèsì, 2, 4 àti 6 ni tuítà. Nínú LLMMHH, 1 àti 2 ni béèsì, 3 àti 4 ni àárín, 5 àti 6 ni tuítà. Wò ó: wáyà tuítà yín wà ní ẹnu 3 bíi ti LMHLMH, ẹnì kan wá yí i sí LHLHLH. Béèsì ni ẹ̀rọ náà ń tú sí tuítà yẹn báyìí. Orin kan lè máà tíì parí kó tó jó. Nítorí náà, ẹ kọ nọ́ńbà sára wáyà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tépù, kí ẹ sì pa ampílífáyà kí ẹ tó fọwọ́ kan ojú ìwé yẹn.

SETUP kan náà ni ẹ ti lè ní kó pa ẹnu ìjáde mọ́ nígbà tí iná bá wọlé. Ẹ tan án. Bí NEPA bá lọ, tí jẹnẹrétọ̀ gba iṣẹ́, "gbàà" tó ń ba sípíkà jẹ́ kò ní jáde. Ṣùgbọ́n ẹ rántí fi bọ́tìnnì MUTE ṣí ẹnu ìjáde padà, torí àwọn kan ti rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́.

Delay (dídá ohùn dúró díẹ̀) wà fún sípíkà tí ẹ gbé sẹ́yìn fún àwọn tó jókòó jìnnà, ẹ̀rọ náà sì lè gba ìwọ̀n ooru afẹ́fẹ́. Ẹ lò ó. Ní àárọ̀ ọyẹ́ tí ooru jẹ́ 20°C, ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 343 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn tí ó dé 38°C, ó tó 354. Bí sípíkà ẹ̀yìn bá jìnnà tó mítà 30, àárọ̀ yóò béèrè nǹkan bíi 87.5 ms (ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá), ọ̀sán 84.7 ms. Láàárín ìyàtọ̀ yẹn, ohùn fẹ́rẹ̀ẹ́ rin mítà kan.

Fún crossover, Linkwitz-Riley 24 dB (ọ̀nà kan tí a fi ń gé ohùn) ni mo fara mọ́ jù fún béèsì àti sípíkà òkè. Ẹ fi béèsì sí ìsàlẹ̀ 100 Hz, kí ẹ sì gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní 35 Hz, kí kóònù má máa gbọ̀n lásán.

Limiter, tí kì í jẹ́ kí ohùn kọjá ìwọ̀n, ni kí ẹ fi parí. Ẹ yọ wáyà sípíkà, ẹ gbé orin sókè títí iná clip ampílífáyà (tó ń sọ pé ohùn ti pọ̀ jù) yóò fi máa ṣẹ́jú, lẹ́yìn náà ẹ sọ threshold, ìyẹn ìwọ̀n tí limiter ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kalẹ̀ títí iná náà yóò fi kú. Lẹ́yìn èyí, ẹ lẹ tépù mọ́ nọ́ọ̀bù ampílífáyà. Bí ẹnikẹ́ni bá yí i, ìwọ̀n tí ẹ ṣe ti yí nìyẹn.

Ẹ tẹ STORE kí ẹ fi tọ́jú ohun tí ẹ ṣe, kí ẹ tó pa iná. Eruku ọyẹ́ máa ń wọ ìdí nọ́ọ̀bù yíyí, òǹkà á sì máa fò. Ẹ yọ iná, ẹ fi contact cleaner (oògùn fífọ ẹ̀rọ iná) fọ́n ọn, ẹ yí i lọ́tùn-ún lósì títí yóò fi rọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó dá iná padà.