Sharp Practice, Rebels and Patriots, Black Powder àbí The Silver Bayonet: èwo ni kí ẹ rà fún ogun Napoleon kékeré?

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ eré ogun Napoleon lórí tábìlì, páálí ọmọ ogun oníke ló sábà máa ń kọ́kọ́ rà. Aṣọ pupa àwọn Gẹ̀ẹ́sì wọ̀ ọ́ lójú, ẹṣin àwọn Faransé wọ̀ ọ́ lójú, ó sanwó. Ìgbà tí ọmọ ogun ọgọ́rùn-ún bá ti tò sórí pẹpẹ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ń béèrè ìwé òfin tó máa fi ṣeré. Ìwé òfin ló yẹ kó ṣáájú, torí òun ló ń sọ iye ọmọ ogun tẹ́ ẹ nílò, bẹ́ ẹ ṣe máa lẹ̀ wọ́n mọ́ ìsàlẹ̀ tí wọ́n máa dúró lé, àti bí tábìlì yín ṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó.

Ogun kékeré ni mò ń sọ o. Kì í ṣe Waterloo, kì í ṣe Borodino. Ẹ jẹ́ ká mú Barquilla. Ní ìdájí ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 1810, nítòsí ààlà Sípéènì àti Pọ́túgàl, Craufurd, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, kó ẹlẹ́ṣin lọ ká àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ Faransé bíi 200 mọ́ inú pápá. Kápútẹ̀ẹ́nì Gouache ló ń darí wọn. Ó tò wọ́n ní igun mẹ́rin, ó sì ní kí ẹnikẹ́ni má yìnbọn títí ẹṣin á fi sún mọ́ wọn pẹ́kípẹ́kí. Àwọn ẹlẹ́ṣin kọ lù wọ́n, wọn ò rí wọn tú ká. Talbot, ọ̀gá ẹlẹ́ṣin 14th Light Dragoons, kú síbẹ̀, Gouache sì kó àwọn èèyàn rẹ̀ lọ láyọ̀. Tí ọmọ ogun oníke kan bá dúró fún èèyàn márùn-ún, ogójì péré ni ẹgbẹ́ Gouache máa jẹ́. Páálí kan láti ọ̀dọ̀ Perry Miniatures, àwọn tó ń ṣe ọmọ ogun oníke, ti tó wọn. Irú ìjà yìí ni mo fi máa wọn àwọn ìwé mẹ́rin tí orúkọ wọn wà lókè.

Ta lẹ fẹ́ jẹ́ nínú ogun náà?

Ohun tó ya àwọn ìwé yìí sọ́tọ̀ síra wọn nìyí, ju ọ̀rọ̀ iye dáìsì lọ.

The Silver Bayonet, tí Joseph A. McCullough kọ, tí Osprey sì gbé jáde ní 2021, sọ yín di ọ̀gá kan tó kó ọmọ ogun tí kò ju méje lọ sẹ́yìn. Ẹ máa mọ orúkọ gbogbo wọn, ẹ máa mọ ẹni tó gbé ràífù àti ẹni tó gbé idà. Ṣùgbọ́n kí n tètè sọ ọ́: iwin wà nínú rẹ̀, òkú tó ń rìn wà níbẹ̀, èèyàn tó ń di ìkookò náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ìtàn bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, kó yáa fi í sílẹ̀.

Sharp Practice ti àwọn TooFatLardies (Richard Clarke ló kọ ọ́, ẹ̀dà kejì jáde ní 2016) fi yín sí ipò kápútẹ̀ẹ́nì. Ọmọ ogun bí ogójì sí ọgọ́rin ló máa wà lọ́wọ́ yín, ní ẹgbẹ́ ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́jọ tàbí mẹ́fà, pẹ̀lú àwọn ọ̀gá kéékèèké mẹ́rin tàbí márùn-ún tí agbára wọn ò dọ́gba.

Rebels and Patriots, iṣẹ́ Michael Leck àti Daniel Mersey (Osprey, 2019), kò jìnnà sí i ní iye ọmọ ogun: ẹgbẹ́ mẹ́rin sí mẹ́fà, méjìlá méjìlá lọ́pọ̀ ìgbà. Ogun ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n tìtorí ẹ̀ kọ ọ́, àmọ́ ogun ọdún 1812 láàárín Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì wà nínú rẹ̀, aṣọ àti ìbọn ayé Napoleon náà ni wọ́n sì lò níbẹ̀. Àwọn èèyàn ń gbé e lọ sí Sípéènì láìsí wàhálà.

Black Powder tiẹ̀ ti sọ yín di ọ̀gágun. Rick Priestley àti Jervis Johnson ló kọ ọ́ fún Warlord Games ní 2009, ẹ̀dà kejì sì jáde ní 2018. Battalion odindi, ìyẹn ẹgbẹ́ ọmọ ogun ọgọ́rọ̀ọ̀rún, ni ohun tó kéré jù tẹ́ ẹ máa pàṣẹ fún. Ìwé ńlá tó rẹwà ni, àwòrán inú rẹ̀ sì máa ń mú kéèyàn yọ owó kó tó ronú.

Tẹ́ ẹ bá pàṣẹ, ṣé wọ́n á gbọ́?

Ibí ni Sharp Practice ti fi gbogbo wọn sílẹ̀ lójú tèmi. Ọ̀gá kọ̀ọ̀kan ní káàdì tiẹ̀. Wọ́n á pò ó mọ́ káàdì àwọn ọ̀tá àti káàdì alásìíá, wọ́n á fi káàdì kan tó ń jẹ́ Tiffin sí i, wọ́n á wá máa fà á níkọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá tí káàdì rẹ̀ bá jáde ló láǹfààní láti ṣe nǹkan. Tí Tiffin bá jáde, ìyípo yẹn parí nìyẹn, kódà kó jẹ́ pé ọ̀gá tẹ́ ẹ gbọ́kàn lé jù kò tíì gbápá. Ẹ fojú inú wò ó: ọ̀gá kékeré yín wà lẹ́yìn ògiri òkúta pẹ̀lú ọmọ ogun mẹ́rìndínlógún, àwọn Faransé ń bọ̀ lójú ọ̀nà, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi tí ìbọn ti máa bà wọ́n dáadáa. Ẹ fa káàdì kan, ti Faransé ni. Ẹ fa òmíràn, àsíá ni. Ẹ fa ìkẹta, Tiffin! Inú èèyàn á kọ́kọ́ bàjẹ́, á wá rántí pé àsíá tó fà lẹ́ẹ̀kan ṣì wà lọ́wọ́, ó sì lè fi jẹ́ kí ẹgbẹ́ kan nínú wọn ṣe nǹkan kí ìyípo tó tì. Rírìn pàápàá, dáìsì ló ń sọ iye íǹṣì tí wọ́n máa rìn. Ẹ ò ní mọ̀ bóyá wọ́n á dé ẹnu ọ̀nà ilé oko yẹn títí wọ́n á fi dé e tàbí kí wọ́n má dé e.

Rebels and Patriots rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ju dáìsì méjì. Tó bá di mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ yẹn á ṣe ohun tẹ́ ẹ sọ. Ìgbà 26 nínú 36 ló máa bọ́ sí i. Ọ̀gá tó wà nítòsí ń fi oókan kún un, ó wá di ìgbà 30. Ẹni tó mọ lúdò ta lè kọ́ ọ kí omi tíì tó hó. Ohun tó ń sú mi nínú rẹ̀ ni pé ọ̀gá ò fi bẹ́ẹ̀ wúlò ju oókan yẹn lọ.

Black Powder ń kọ́? Ẹ máa kọ́kọ́ sọ àṣẹ yín sókè kẹ́ ẹ tó ju dáìsì, ohun tó sì ń pani lẹ́rìn-ín gan-an nìyẹn nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn bá yí tábìlì ká. Tí agbára ọ̀gá yín bá jẹ́ mẹ́jọ, tí dáìsì méjèèjì sì fún yín ní márùn-ún tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, battalion á rìn lẹ́ẹ̀mẹta léraléra. Íǹṣì méjìlá ni ìrìn ẹlẹ́sẹ̀ kan. Íǹṣì 36 nìyẹn, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìgbà 10 nínú 36 ló sì lè ṣẹlẹ̀. Lórí tábìlì tó fẹ̀ tó yàrá, ó dùn. Lórí tábìlì ìjẹun tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ, àwọn tí ẹ rò pé ọ̀nà wọn jìn ti wà ní imú yín. Àwọn tó ń fi ṣe ogun kékeré máa ń gé gbogbo ìwọ̀n sí ìlàjì tàbí kí wọ́n fi sẹ̀ǹtímítà rọ́pò íǹṣì. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kí ló dé téèyàn máa ra ẹ̀wù ńlá tán kó tún gbé e lọ sọ́dọ̀ télọ̀?

Ti The Silver Bayonet ò gba àlàyé púpọ̀: kò sí pé ọmọ ogun ò gbọ́ àṣẹ níbẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì kàn ń gbà á ṣe fún ara yín.

Ìbọn

Ìbọn ayé ìgbà yẹn, ọmọ ìyá ṣakabùlà ni. Ẹ̀tù ni wọ́n ń rọ sí i, wọ́n á ki ọta, wọ́n á fi ọ̀pá gún un mọ́lẹ̀. Ọmọ ogun tó bá mọṣẹ́ á yìn ín lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú kan. Èyí tí wọ́n ti fara balẹ̀ kì kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀ ló máa ń dára jù, torí náà ni Gouache ṣe ní kí wọ́n mú sùúrù.

Sharp Practice mọyì sùúrù yẹn: yíyìn àkọ́kọ́ ní èrè tiẹ̀, ẹni tó bá sì fi ṣòfò láti òkèèrè kò ní rí i gbà mọ́. Kì í ṣe gbogbo ọta tó bá bà wọ́n ló ń pa wọ́n. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń fi ìpayà sí wọn lára, ọ̀gá ló sì gbọ́dọ̀ wá fi ọ̀rọ̀ tù wọ́n nínú kí ìpayà ọ̀hún tó pọ̀ ju iye wọn lọ tí wọ́n á fi fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ohun tí ọ̀gá ológun ń ṣe lójú ogun gan-an nìyẹn.

Nínú Rebels and Patriots, ẹgbẹ́ tó bá ju ìlàjì lọ ń ju dáìsì méjìlá. Tó bá ti di ìlàjì, ó di mẹ́fà. Ọmọ ogun méje ń ju dáìsì méjìlá, ọmọ ogun mẹ́fà ń ju mẹ́fà! Ẹni kan ṣoṣo tó ṣubú ló gé agbára wọn sí méjì. Àwọn kan ò lè gba èyí mọ́ra láé, àmọ́ ó ń mú eré yá, wákàtí méjì á ti parí ẹ̀.

Nínú The Silver Bayonet, kíki ìbọn padà ń gba odindi àǹfààní kan lọ́wọ́ yín, nígbà tí ìkookò ń bọ̀. Mo gbà pé ìyẹn dùn.

Ká gbé wọn lọ sí Barquilla

Sharp Practice lè ṣe é bó ṣe rí: ọ̀gá kan kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, ó tò wọ́n ní igun mẹ́rin, ó ń dúró de ẹlẹ́ṣin. Ìgbà tí káàdì tó ń retí ò bá tètè jáde, àyà á já a. Black Powder náà mọ igun mẹ́rin dáadáa, àmọ́ ẹgbẹ́ Gouache ò ní ju ẹyọ kan lọ níbẹ̀, kí lẹ̀yin fẹ́ máa ṣe lẹ́yìn ìgbà náà? Rebels and Patriots ń ṣe ìjà inú igbó àti ẹ̀gbẹ́ ọgbà dáadáa ju ìjà ẹlẹ́ṣin ní pápá gbalasa lọ. Tí ìjà ẹlẹ́ṣin bá jẹ́ adùn yín, kì í ṣe ìwé yín. Ní ti The Silver Bayonet, kò sí àyè fún ogójì èèyàn rárá.

Owó àti àwọn nǹkan tí páálí kì í sọ

Sharp Practice ń fẹ́ káàdì lọ́tọ̀; ẹ lè rà á, ẹ sì lè fi páálí gé tiyín. Muskets & Tomahawks, tí mi ò tíì dárúkọ, ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìwé òfin tiẹ̀ nìkan kò tó, ẹ tún máa ra Shakos & Bayonets kẹ́ ẹ tó dé ayé Napoleon, àti káàdì. Ẹ ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. Ní ti Rebels and Patriots, ìwé pẹlẹbẹ kan àti dáìsì méjìlá ni gbogbo ẹ̀, òun ló sì máa ń wọ́n níwọ̀nba jù.

Fún ẹni tó wà ní Èkó tàbí Ìbàdàn, owó ìfiránṣẹ́ láti ìlú òyìnbó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ìwé. PDF ni kẹ́ ẹ rà. TooFatLardies ń tà á, Osprey náà ń ta tiwọn. Àwọn ojú ìwé tẹ́ ẹ máa ń yẹ̀ wò nìkan ni kẹ́ ẹ tẹ̀ sórí pépà.

Ẹ lẹ àwọn ọmọ ogun yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwé mẹ́ta nínú mẹ́rin yìí ń yọ wọn kúrò níkọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń ṣubú. Black Powder nìkan ni kò bìkítà, ẹ sì lè to ẹlẹ́yọ kọ̀ọ̀kan sórí páálí kan náà tó bá di tiẹ̀. Àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀ máa ń fi owó ẹyọ pẹ́nì ṣe ìsàlẹ̀ wọn. Ó wúwo, kì í jẹ́ kí wọ́n ṣubú, ó sì dínwó ju ohun tí wọ́n ń tà fún iṣẹ́ náà lọ.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ ń ṣeré, The Silver Bayonet ní ọ̀nà àdáṣe tirẹ̀ nínú ìwé. Káàdì Sharp Practice náà ń jẹ́ kó ṣeé ṣe, torí ẹ̀yin fúnra yín ò mọ ta ló kàn. Tó bá jẹ́ pé ọmọ ọdún méjìlá lẹ fẹ́ bá ṣe é, Rebels and Patriots ni, ẹ má wulẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Èmi ṣì máa sọ fún àgbàlagbà méjì tó lè jókòó ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé pé Sharp Practice ni kí wọ́n rà.

Ẹni tó bá sì ń rò ó pé ogun òun á dàgbà lọ́jọ́ iwájú, tí Black Powder ń pè é, kó kọ́kọ́ lọ gba Valour & Fortitude lọ́dọ̀ Perry Miniatures. Ọ̀fẹ́ ni, ojú ìwé mẹ́rin ni òfin rẹ̀, Jervis Johnson yẹn kan náà sì lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ẹ fi páálí tẹ́ ẹ gé dípò battalion ṣe é lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ná, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ipò ọ̀gágun wù yín lóòótọ́.