Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ń ta okùn àti wáyà ọkọ̀ onígbòkun: póún 1,140 mi ti wọmi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọkọ̀ onígbòkun nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, pàápàá àwa tí tiwa ti gbó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dópin. Póún 1,140 ni. Mo máa tún un kọ torí ó ń dùn mí wọra: póún 1,140!

Westerly Centaur ni ọkọ̀ mi, ẹsẹ̀ bàtà 26, ọdún 1974 ni wọ́n kàn án. Ìyàwó mi máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí, òótọ́ sì ni, ọdún méjì ló fi jù mí. Ẹsẹ̀ méjì ló ní nísàlẹ̀, tí omi Medway bá fà, á jókòó sórí ẹrọ̀fọ̀ bí ìyá arúgbó. Kò sí ohun tó ṣe é. Wáyà tó di òpó rẹ̀ mú ló ti lé ní ọdún 10, làwọn adójútòfò bá ní kí n pààrọ̀ rẹ̀. Mo ní kí n kúkú pa á pọ̀ mọ́ mainsheet, ìyẹn okùn tá a fi ń fa ìgbòkun ńlá mọ́ra tá a sì fi ń tú u, àtàwọn blọ́ọ̀kù, ìyẹn àwọn kẹ̀kẹ́ kékeré tí okùn náà ń gbà kọjá.

Mo rí ìkéde ẹnì kan, mo pè é. Bó ṣe gbọ́ orúkọ mi báyìí ló yí ohùn padà: "Ẹ̀gbọ́n mi! Ilé ń kọ́? Ti ara wa ni, mi ò lè jèrè lára yín." Ibẹ̀ ni mo ti kú. Láti ọdún 19 tí mo ti wà níbí, mi ò tíì rí Yorùbá kan tó ń ta blọ́ọ̀kù. Inú mi dùn bíi tọmọdé. Ó ní kí n fowó ránṣẹ́ tààrà sí báńkì òun kóun lè dín in kù. Mo ti fi ránṣẹ́ kí oúnjẹ alẹ́ tó jinná.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo yára jù o. Mo bi í léèrè! Mo bi í bóyá 316 ni wáyà náà, irú irin tí omi iyọ̀ kì í tètè bà jẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, 316 pọ́ńbélé." Kí lẹ tún fẹ́ kí n bi í? Àmọ́ mi ò ní kó fi ìwé kankan hàn mí. Ẹ̀bi mi nìyẹn.

Ọjọ́ kẹrin lẹrù dé, ó ń dán yanran. Mo fi àtàǹpàkò ra orúkọ tó wà lára blọ́ọ̀kù, lẹ́tà àkọ́kọ́ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo rí i o! Mo fojú ara mi rí i, mo sì ní bóyá ìdọ̀tí ni.

Ìgbà kẹta tá a gbé e jáde, èmi àti àkọ́bí mi, ọmọ ọdún 14, afẹ́fẹ́ ò tiẹ̀ le. Ẹ̀yìn ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wa, a yí ọkọ̀, bọ́ọ̀mù, ìyẹn ọ̀pá irin tó di ìsàlẹ̀ ìgbòkun ńlá mú, sì ré kọjá sódì kejì. Bí okùn ṣe nà tán, mo gbọ́ "kẹ̀!" Blọ́ọ̀kù òkè là sí méjì. Bọ́ọ̀lù kéékèèké inú rẹ̀ tú bí ìlẹ̀kẹ̀ tó já, wọ́n ń yí lọ sínú omi. Kò sóhun tó di bọ́ọ̀mù mú mọ́, ó lọ gbá wáyà ẹ̀gbẹ́, ó tún ń padà bọ̀. Mo ti orí ọmọ náà mọ́lẹ̀. Irin náà gba fìlà rẹ̀ lọ. Fìlà ni o! Ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Mo pe "ti ara wa". Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bóyá ẹ ò mọ̀ ọ́n lò ni." Èmi! Èmi tí mo ti ń tukọ̀ látọdún 2011! Mo ní kó dá owó mi padà, ó ní òun wà nínú ìsìn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, aago méjì ọ̀sán. Látìgbà yẹn, ìpè mi ò wọlé mọ́. Báńkì ní níwọ̀n ìgbà tí ẹrù ti dé ọwọ́ mi, ọ̀rọ̀ èmi àti ẹni tó tajà ni.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí kí n tó gbàgbé. Ẹ gé okùn náà díẹ̀, ẹ rì í sínú báàkẹ́ẹ̀tì omi, kẹ́ ẹ fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Polyester, irú èyí tó yẹ kó jẹ́, á rì. Tèmi léfòó bí ewé, polypropylene lásán ni. Ẹ fi kírẹ́díìtì káàdì sanwó: tí ọjà bá ju póún 100 lọ, tí kò ju 30,000, òfin ọdún 1974 lè mú kí àwọn tó fún yín ní káàdì dáhùn pẹ̀lú ẹni tó tajà. Wáyà ńkọ́? Ẹ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n wò. Tèmi ti pọ́n bí omi tíì kí oṣù kan tó pé.

Èmi ò gba oníṣòwò kankan gbọ́ mọ́, Òyìnbó ni o, Yorùbá ni o. Ìyàwó mi ní àwọn gidi ṣì wà. Kó lọ bá wọn rà nígbà náà.

Àná, ọ̀rẹ́ mi fi ìkéde tuntun hàn mí: orúkọ mìíràn, nọ́ńbà mìíràn, àwòrán kan náà. Blọ́ọ̀kù méjì lórí kápẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé tí sìgá ti jó níhò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tẹ́ ẹ bá rí kápẹ́ẹ̀tì yẹn, ẹ má pè é o. Tàbí kẹ́ ẹ pè é, kẹ́ ẹ bá mi bi í bóyá ìsìn ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn ti parí.